Bírò Pupa Lórí Páálí Bàbá Isobe

Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ jáde kúrò ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Mo tètè sọ ọjọ́ orí mi nítorí pé ó wà lára ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ẹ ó sì rí i níwájú. Olùkọ́ ni mí. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ó ka èyí ni mo ti fi bírò pupa kọ nǹkan sínú ìwé yín rí. Ẹ fara balẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi gan-an ni mo jókòó ìdánwò.

Ìlú tí a kì í fẹsẹ̀ rìn

Bọ́láńlé ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ni. Fort Washington ló ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland, lẹ́bàá odò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Potomac. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń dá a lóhùn pé ta ni yóò máa bomi rin ẹ̀fọ́ mi. Nígbà tó yá, mo fi ẹ̀fọ́ lé aládùúgbò lọ́wọ́, mo lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé n kò rí ènìyàn. Ilé wà, ó tóbi, ó tò lẹ́sẹẹsẹ, koríko iwájú rẹ̀ rí bí orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó jókòó síta, n kò sì gbọ́ kí ẹnìkan pe ẹnìkejì láti ojúlé kan sí òmíràn. Láàárọ̀, mọ́tò á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, á forí lé ọ̀nà Washington. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn gáréèjì á ṣí fúnra rẹ̀, á sì gbé wọn mì. Bọ́láńlé ń lo wákàtí méjìlá níbi iṣẹ́, ó sì tún ń wakọ̀ tó wákàtí kan lọ, wákàtí kan bọ̀. Tèmi ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí síbẹ̀, ti pé ogún ọdún, yunifásítì ló ń lọ. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Bàbá Ìbàdàn ló ń pè mí, kí ó má baà pa mí pọ̀ mọ́ bàbá tó bí bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Abẹ́òkúta.

Ní ọjọ́ kẹta mo ní kí n na ẹsẹ̀. N kò tíì rìn jìnnà nígbà tí obìnrin kan dá mọ́tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó yí gíláàsì sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò sí? Ṣé mọ́tò yín ló bàjẹ́?"

"Rárá o. Mò ń rìn ni."

"Ẹ ń rìn lọ síbo?"

"N kò lọ síbì kankan."

Ó wò mí títí. Ó ní ṣé kí òun bá mi pe ẹnìkan nínú ẹbí mi.

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe níhìn-ín. A máa ń sọ nílé pé àwọn ará Amẹ́ríkà kì í bìkítà fún ẹlòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ènìyàn mẹ́rin ló dúró láti gbà mí lọ́wọ́ ìrìn mi. Ohun tí mo rí tí n kò rí irú rẹ̀ rí ni bí wọ́n ṣe ń yin nǹkan. Wọ́n fẹ́ràn fìlà mi. Wọ́n fẹ́ràn bàtà mi. Ọkùnrin kan ní òun fẹ́ràn orúkọ mi gan-an, kò sì tíì lè pè é. Ìyìn wọn máa ń jáde kí ojú tó dé ibẹ̀. Ẹ fi èyí náà sọ́kàn.

Abọ́ tí kò sinmi

Ẹni tó ń gbé ilé tó kángun sí ti Bọ́láńlé ni Bàbá Isobe, ará Japan, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ó tín-ín-rín, ó kúrú, ó máa ń dé kẹ́ẹ̀pù aláwọ̀ eérú kan. Nígbà tí Tèmi wà ní kékeré tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni bọ́ọ̀sì ilé ìwé máa ń já a sí. Nígbà tí yìnyín bá sì bo ilẹ̀, kí Bọ́láńlé tó jí, bàbá yìí á ti fi ṣọ́bìrì kó o kúrò lọ́nà mọ́tò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló wá kí mi. Èmi ọmọ Ìbàdàn, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró ṣánṣán níwájú ẹni tó fi ọdún méjìlá jù mí lọ? Mo tẹ̀ ba, mo fọwọ́ kan ilẹ̀. Bí mo ṣe gbórí sókè, òun náà ti tẹ̀ ba, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ta ló gbọ́ ọ rí pé àgbà tẹ̀ ba kí ọmọdé wà lóòró? Mo tún lọ sílẹ̀. Òun náà tún lọ sílẹ̀. A ti ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kí Tèmi tó dá sí i.

"Ẹ̀yin bàbá méjèèjì, ta ni ẹ fẹ́ kó gbé yín dìde? Nọ́ọ̀sì ilé yìí ti lọ síbi iṣẹ́."

Ìrẹsì ni Bàbá Isobe gbé wá nínú abọ́ aláwọ̀ búlúù kan. Ó rí roboto-roboto bí òkèlè, wọ́n sì fi nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan wé e, tí Tèmi ní ewéko inú òkun ni. Mo ń wo ẹ̀yìn bàbá náà bóyá ọbẹ̀ ń bọ̀. Ọbẹ̀ kò bọ̀. Bí mo ṣe gé e jẹ, mo bá èso kékeré kan láàárín rẹ̀, ó kan bí àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n, ó sì níyọ̀. Ojú mi pọ́n. Bàbá Isobe rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Nígbà tí Bọ́láńlé dé, ó ní, "Dádì, a kì í dá abọ́ rẹ̀ padà lófo o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílẹ̀ wọn náà nìyẹn." Inú mi dùn pé mo bá ọmọlúàbí pàdé. A se ọ̀lẹ̀lẹ̀, a pọ́n ọn sínú ewé tí Bọ́láńlé ń rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Ó jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀, ó fọ ewé, ó sá a sójú fèrèsé, ó ní òun fẹ́ràn bí iṣan rẹ̀ ṣe tò. Lọ́jọ́ kejì abọ́ búlúù tún dé pẹ̀lú ọbẹ̀ omi tó ní ẹ̀wà lílọ̀ nínú. Láti ìgbà náà lọ abọ́ yẹn kò sinmi mọ́.

Ohun tó wà nínú àpò

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo sùn lọ́sàn-án. Nígbà tí mo jí, àpò ọ̀rá kan wà lórí tábìlì ìjẹun, Tèmi sì ń wọ bàtà láti jáde.

"Bàbá Ìbàdàn, Mísítà Isobe ló gbé e wá. Mo sọ fún un pé olùkọ́ ni yín. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá òun wo Gẹ̀ẹ́sì òun."

"Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbo?"

"Nínú àpò yẹn náà ni." Ó ti jáde.

Inú ilé tí ẹ̀rọ ti ń fọ abọ́, tí ẹ̀rọ ti ń fọ aṣọ, ni mo ti jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìrí nǹkan ṣe. Ní báyìí ẹnìkan gbé iṣẹ́ wá fún mi, iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Páálí méjìlá ni mo kó jáde, irú páálí funfun tí alágbàfọ̀ máa ń kì bọ inú ṣáàtì kí ó má baà ká. Wọ́n ti ń pọ́n bí eyín àgbà. Lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan fi tàdáwà dúdú ya nǹkan kékeré kan: ṣáàtì kan lórí okùn, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gíga kan, ife méjì. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìkọ̀wé Japan wà, lábẹ́ ìyẹn ni ìlà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta-mẹ́ta. Ibi tó kù sílẹ̀ lófo pọ̀ ju ibi tó ya nǹkan sí lọ. Ní kíláàsì mi, ọmọ tó bá fi ìdajì ojú ìwé sílẹ̀ lófo, àlàyé pọ̀ tí yóò ṣe fún mi.

Ẹ má gbàgbé pé páálí ni a fi ń ṣe ohun èlò ìkọ́ni nígbà tiwa. Bó bá gbó, a jù ú nù, a ṣe òmíràn. Lójú mi, páálí ni páálí. Mo gbà pé ó fi dánra wò ni. Mo lọ mú bírò pupa nínú báàgì mi. Ẹ má bi mí pé kí ni mo gbé e lọ sí Amẹ́ríkà fún.

Mo ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é. Mo fàlà sábẹ́ èyí tó ṣì, mo kọ èyí tó tọ̀nà sókè rẹ̀, mo fi máàkì sígun, mo yí i po. Èyí tó ya ṣáàtì sí, mo lè túmọ̀ rẹ̀ báyìí:

*Àádọ́ta ṣáàtì lónìí.*
*Kò sí tèmi níbẹ̀.*
*Òjò ń rọ̀ níta.*

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ó dára, ṣùgbọ́n ó kúrú jù." Méje nínú mẹ́wàá. Èyí tí ó ya ẹyẹ sí, ẹyẹ náà wà nísàlẹ̀ lápá òsì, gbogbo ìyókù funfun ni. Mo kọ ọ́ pé, "Iṣẹ́ yìí kò tíì parí." Mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà mo kan èyí tó ní ife méjì:

*Ife tíì méjì.*
*Ọwọ́ mi kò tíì gbọ́*
*pé ẹnìkan ti lọ.*

Mo fàlà sábẹ́ ìlà ìkẹyìn. Mo kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà pé, "Ta ni ó lọ? Ṣàlàyé." Márùn-ún nínú mẹ́wàá.

Mo tò wọ́n sórí tábìlì kí pupa rẹ̀ gbẹ. Ọkàn mi balẹ̀ bí ọkàn ẹni tó ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ Bọ́láńlé

"Dádì, ẹ kú ilé." Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"O káàbọ̀, ọmọ mi. O mà kú iṣẹ́ o."

Ó rí tábìlì. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ọmọ ọwọ́ ń sùn nítòsí rẹ̀.

"Dádì, ta ló kọ pupa sí i?"

"Èmi ni. Bàbá Isobe ní kí n bá òun wò ó. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò burú, àmọ́ kì í parí ọ̀rọ̀."

Ó fa àga, ó jókòó. "Dádì, ọwọ́ Mísítà Isobe ti ń gbọ̀n láti ọdún méjì sẹ́yìn. Kò lè ya nǹkan mọ́. Ogójì ọdún ló fi ya àwòrán, ó sì yan méjìlá yìí nínú gbogbo rẹ̀. Ilé ìkàwé àdúgbò fẹ́ fi wọ́n han àwọn ènìyàn ní Sátidé tó ń bọ̀. Òun gan-an rèé. Kò sí òmíràn."

Mo gbé àpò ọ̀rá náà, mo gbọ̀n ọ́n. Ìwé kan lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n tẹ̀ sí i, ìlà rẹ̀ jìnnà síra, kí olùkọ́ lè rí àyè kọ àtúnṣe sí. Ó kó páálí sí i kí n lè rí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń bá lọ ni.

Bọ́láńlé kò bú mi. Ìbá sàn kí ó bú mi. Ó ń fọwọ́ pa etí tábìlì, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ dé àdúgbò yìí, tí òun kò mọ ẹnikẹ́ni, bàbá yìí ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí Tèmi dé, tó gbọ́, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Èmi ni mo gbé e fún wọn," ló ń wí. Ó ronú díẹ̀. "Mo lè ya fọ́tò rẹ̀. Mo lè fi kọ̀ǹpútà yọ pupa náà kúrò, ká tẹ̀ ẹ́ jáde lákọ̀tun. Àwọn èrò ò ní mọ̀."

"Òun á mọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá fọ́ síléètì ẹlòmíràn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kó àfọ́kù rẹ̀ wá síwájú. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo ní èmi ni mo máa gbé e lọ, kí ilẹ̀ ṣáà mọ́.

Abọ́ búlúù wà lórí síǹkì lọ́dọ̀ wa. N kò mọ̀ bóyá yóò tún padà wá mọ́ bí a bá gbé e lọ.

Nínú ilé rẹ̀

Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò mi tó dára jù, mo dé fìlà. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, nítorí àwọn náà kì í wọ bàtà wọlé. Bí ó ṣe ṣílẹ̀kùn, mo gbé àpò náà sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó ti ń wá fóònù láti pe Bọ́láńlé. Mo ní kó má pè é, mo ní ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni a ń bára wa sọ, tèmi ti Ìbàdàn, tirẹ̀ ti Japan, a sì ń gbọ́ra wa yé. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un, n kò fi nǹkan pa mọ́. Ó gbé mi dìde. Ó jókòó sídìí tábìlì kékeré kan, ó ń kó páálí náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, páálí náà sì ń dún fẹrẹfẹrẹ lára tábìlì. Ó ka èkíní, ó ka èkejì. Omi hó nínú kẹ́tùlù, kò dìde. Ó dé orí ife méjì, ó dúró síbẹ̀.

"Olùkọ́," ló wí, "ẹ bi mí pé ta ló lọ."

"Ẹ forí jì mí. Kò yẹ kí n..."

"Haru ni. Ìyàwó mi."

N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó níyàwó rí. Mo wo ilẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlá ni páálí yìí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ní láti béèrè. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní ó rẹwà, wọ́n á ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó bi mí pé ta ló lọ."

Ó da omi sórí tíì. Ife méjì ló gbé kalẹ̀, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún mi. Ó wá sọ ìtàn náà fún mi.

Abúlé apẹja ni wọ́n bí i sí, ní àríwá Japan. Ìwé mẹ́fà péré ló kà. Ọkọ̀ ojú omi tó ń ṣe alásè nínú rẹ̀ ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Haru tó ń ránṣọ ní Washington ni kò jẹ́ kó padà. Ilé alágbàfọ̀ kan ní Seat Pleasant ló ti lọ ṣáàtì fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Lọ́jọ́ kan Haru bi í pé báwo ni òkun ìlú rẹ̀ ṣe rí, kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Ó mú páálí ṣáàtì kan tí igun rẹ̀ ti ká, ó ti búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ìdọ̀tí ọrùn ṣáàtì bọ inú tíì tó ti tutù, ó ya ọkọ̀ apẹja kan. Haru wò ó, ó ní ó jọ bàtà.

"Mo tún un yà lọ́jọ́ kejì," ló wí. "Ó jọ bàtà tó dára díẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ló fi ń yà á, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lórí àpótí tó dojú bolẹ̀. Bí àkókò bá ti tán, á fi áyọ́ọ̀nù gbẹ tàdáwà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igun páálí mìíràn fi jó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlà mẹ́ta náà, Haru ló ń kà á fún nírọ̀lẹ́ bí wọ́n bá ń jẹun.

Mo ní kí n tún bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́wọ́ sókè.

"Nílẹ̀ wa," ló wí, "ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ àwòrán, ọ̀gá rẹ̀ á fún un ní orúkọ. Wọ́n á gbẹ́ orúkọ náà sára òǹtẹ̀, á sì máa fi tàdáwà pupa tẹ̀ ẹ́ sí igun iṣẹ́ rẹ̀. Èmi kò ní ọ̀gá, n kò ní òǹtẹ̀. Dúdú àti funfun nìkan ni tèmi." Ó fi ìka tọ́ máàkì mi. "Ní ilé ìwé náà, pupa ni olùkọ́ wa fi ń kọ nǹkan sí iṣẹ́ wa, bíi tiyín. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí òkun gbé bàbá mi lọ. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo fi iṣẹ́ ìkọ̀wé mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́. Lọ́jọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ dípò bàbá mi. N kò padà lọ gba ìwé náà. Títí di òní, n kò mọ iye tí mo gbà."

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú ara mi. Ọdún méjìléláàádọ́rin. Gbogbo ọjọ́ orí mi ni bàbá yìí fi ń retí bírò pupa.

Ara tù mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo gbé tíì náà mu tán, tí kò ní ṣúgà, tí kò ní mílíìkì. Mo wá sọ ohun tí n kò tíì sọ fún Bọ́láńlé rí: pé nílé, láàárọ̀, mo ṣì máa ń ra àkàrà fún ẹni méjì. Ó mi orí. Kò sọ pé ó rẹwà.

Nígbà tó yá, ó fa páálí ẹyẹ yọ.

"Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú mẹ́wàá yìí, Olùkọ́, n kò gbà. Ẹ wọ kóòtù. Odò là ń lọ."

Létí Potomac

Tèmi ló wa ọkọ̀. Kò jìnnà, lẹ́bàá odi ológun àtijọ́ tí wọ́n fi sọ ìlú náà lórúkọ. Òtútù mú, ìkùukùu sì bo omi. N kò rí òdì kejì, n kò rí ibi tí omi parí sí tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀ lápá òsì, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gíga kan dúró lórí ẹsẹ̀ kan.

Bàbá Isobe gbé páálí náà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbogbo ibi tí mo pè ní òfo, odò ni. Ó ti ya iṣẹ́ rẹ̀ parí. Èmi ni n kò tíì wò ó parí.

Mo mú bírò pupa láti àpò. N kò pa mẹ́ta náà rẹ́, nítorí olùkọ́ gidi kì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Olùkọ́ ló ṣì í," mo sì fọwọ́ sí i.

"Ó wá di mélòó?" ló bi mí.

"Mẹ́sàn-án."

"Kí ló ṣe ẹyọ kan tó kù?"

"Ẹyẹ kan lẹ yà. Gẹ̀ẹ́sì yín ní wọ́n pọ̀."

Tèmi ní bí a bá ti jà tán, òtútù ń mú òun.

Sátidé

Nígbà tí obìnrin tó ń ṣètò ní ilé ìkàwé rí pupa náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fọhùn pẹ̀lẹ́ bi Bàbá Isobe bóyá ìjàǹbá kan ṣẹlẹ̀. Bàbá Isobe nawọ́ sí mi. Ó ní, "Olùkọ́ mi ni." Mo ti jẹ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ, kò wúwo tó bẹ́ẹ̀ létí mi rí.

Wọ́n gbé méjèèjìlá kọ́ sára ògiri. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ, pé ó rẹwà, pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n bá wá dé iwájú ife méjì, wọ́n á rí pupa, wọ́n á sún mọ́ ọn, wọ́n á kà á. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n sáyà yíjú padà, ó wá Bàbá Isobe rí láàárín èrò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló bi í, "ta ló lọ?"

Bàbá Isobe sọ fún un. Ẹlòmíràn tún béèrè, ó tún sọ. Ó sọ nípa òkun, ó sọ nípa bàtà, gbogbo ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. Títí tí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó wà lórí ìdúró, ó ń sọ ìtàn Haru fún àlejò. Bọ́láńlé ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, ó dúró tì mí.

"Dádì, orí yín mà bá yín ṣe é o."

"Orí ìyá rẹ ni," mo ní.

Máàkì tèmi

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n padà sílé, abọ́ búlúù dé. Páálí ṣáàtì funfun kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kan. Bàbá Isobe ní òun náà fẹ́ rí iṣẹ́ mi.

Mo ya oko ẹ̀fọ́ mi. Mo ya ọgbà yí i ká, mo ya kànga, mo ya adìẹ mẹ́ta, mo ya oòrùn, mo sì ya igi ìbẹ́pẹ aládùúgbò mi. N kò fi igun kankan sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé:

*Ẹ̀fọ́ ti hù.*
*Mo ra àkàrà fún ẹni méjì.*
*Mo jókòó.*

Ó gba bírò pupa lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó pẹ́ kí ó tó kọ ọ́ tán. Ó fàlà sábẹ́ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kọ ọ́ pé, "Èyí dára." Sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ló kọ ọ́ sí pé, "Ó kún jù." Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ó yí i po.

Ó wà lára ògiri pálọ̀ mi ní Ìbàdàn báyìí. Àlejò tó bá wọlé á bi mí pé ọmọ wo ló fìdí rẹmi báyìí. Mo máa ń sọ pé èmi ni.

Ẹ̀yin tí mo kọ́, àti ẹ̀yin tí n kò kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ẹnìkan bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá àdàkọ ni tàbí òun gan-an. Kí ẹ tó pe ibì kan ní òfo, ẹ wò ó títí. Kí ẹ má sì kàn sọ pé ó dára kí ẹ kọjá lọ. Ẹ dúró, ẹ bi í pé ta ló lọ.

Bí mo ṣe dé, mo ṣí àpótí irin tí mo kó kúrò ní ilé ìwé lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀, tí mo ti máàkì tán, tí àwọn tó ni ín kò padà wá gbà. Orúkọ ṣì hàn lẹ́yìn wọn. Bí tìrẹ bá wà níbẹ̀, wá gbà á. Má jẹ́ kó di ọdún méjìléláàádọ́rin.